ADÁJỌ́ TÍ Ó NÌKAN JÓKÒÓ: Nípa Iṣẹ́ Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ àti Ohun tí Ó Kọ́ Wa

Gbogbo ẹni tí ó mọ Ìbàdàn ni ó mọ Ìwó Road. Láti Agodi ni ọ̀nà náà ti jáde, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, títí ó fi dé oríta ńlá nì tí ọ̀nà ti yà sí ìhà gbogbo: ọ̀kan lọ sí Ìwó, ọ̀kan lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọ̀kan kọjú sí Ọ̀yọ́, ọ̀kan sì kọjú sí Èkó. Àwọn èrò tí ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò níye; ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni yóò rántí pé ọ̀nà Ìwó yìí kan náà ni a mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, gbà ní ọjọ́ 29 oṣù Júláì 1966, tí a sì pa wọ́n lẹ́bàá Lálúpọn. Ní Agodi, níbi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV wà, èyí tí òun àti asọ̀rọ̀mágbèsì WNBS jọ jẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959.

Ìtàn wàhálà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa láàárín 1962 sí 1966 ni a sábà máa ń gbọ́ láti ẹnu àwọn olóṣèlú àti àwọn ológun. A kò sọ pé èyí kò dára. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn kẹta kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, tí a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀: èyíinì ni adájọ́, ẹni tí a mú àwọn ọ̀tá wá síwájú rẹ̀, tí a sì ní kí ó sọ èwo ni òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nínú ìwé kékeré yìí, a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ohun tí iṣẹ́ irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, a ó sì fi ìtàn Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: nígbà tí gbogbo ìlú bá ti dájọ́ tán nínú ọkàn wọn, kí ni ó kù fún adájọ́ láti ṣe?

Ìdájọ́ Láàárín Wa Látijọ́

Ìdájọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Baálé ilé ń gbọ́ ẹjọ́ nínú agbo-ilé rẹ̀. Ìjòyè ń gbọ́ ẹjọ́ àdúgbò. Èyí tí ó bá wúwo ju agbára wọn lọ a ó gbé e lọ sí ààfin. Àwọn baba wa sì mọ òfin ìdájọ́ tí ó tóbi jùlọ dájúdájú, nítorí wọ́n ní, “Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.” Ẹni tí kò bá gbọ́ ti ìhà méjèèjì kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rárá, bí ó ti wù kí ó dàgbà tó.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Àwọn àgbà wa kì í nìkan dájọ́. Baálé a máa jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ilé, Ọba pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti yanjú, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí àwọn méjèèjì tí ń jà lè tún jọ gbé pọ̀, kí wọ́n jọ jẹ obì. Kóòtù tí àwọn òyìnbó mú wá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó jàre lábẹ́ òfin tí a kọ sílẹ̀, bí àwọn méjèèjì yóò tilẹ̀ di ọ̀tá títí ayé. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn wa fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́.

Ní 1904 ni àwọn Baálẹ̀ àti ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fi agbára ìdájọ́ lórí àwọn ẹjọ́ kan lé kóòtù Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti 1914 ni a ti dá kóòtù Próvínsì sílẹ̀, nínú èyí tí àwọn aláṣẹ òyìnbó fúnra wọn ń ṣe adájọ́, tí a kò sì gba lọ́yà kankan láyè láti dúró fún ẹnikẹ́ni, títí di ìgbà tí a yí ètò náà padà ní 1933. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò: ọkùnrin kan náà tí ń gba owó-orí, tí ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá, ni ó tún ń dájọ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn sí ìjọba, ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbé e lọ?

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi wọ iṣẹ́ náà. Sir Olúmúyìwá Jíbówú ni ó kọ́kọ́ di májísíréètì ọlọ́pàá nínú àwọn adúláwọ̀ Nàìjíríà ní 1931, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ di adájọ́ kóòtù gíga nínú wọn. Nígbà tí a pín kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹkùn lẹ́yìn ìwé òfin ilẹ̀ ti 1954, Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, di Adájọ́ Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ní 1955. Ní 1958 ó di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún ìran tí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Iṣẹ́ Adájọ́ tí Ń Kọ́kọ́ Gbọ́ Ẹjọ́

Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ láàárín oríṣi adájọ́ méjì. Àwọn kan wà tí ń jókòó ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti ní Kóòtù Gíga Jùlọ. Àwọn wọ̀nyí a máa jókòó ní mẹ́ta, tàbí márùn-ún, tàbí méje. Ìwé ni wọ́n ń kà, àlàyé àwọn lọ́yà ni wọ́n sì ń gbọ́. Ṣàṣà ni wọ́n ń fi ojú kan ẹlẹ́rìí. Èkejì ni adájọ́ tí ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́. Òun nìkan ni ó ń jókòó lórí àga. Iwájú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì tàbí irin láti búra. Òun ni ó ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń rí i bí òógùn bá bò ó, bí ohùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, bí ó bá ń wo ojú ọlọ́pàá kí ó tó dáhùn. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ọwọ́ ara rẹ̀ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí lọ́yà yóò sì máa dúró dè é kí gègé rẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀.

Nítorí pé òun ni ó rí wọn, àwọn adájọ́ tí ó ga jù ú lọ kì í sábà yí ohun tí ó bá sọ pé ó ṣẹlẹ̀ padà. Wọ́n lè sọ pé ó ṣi òfin lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Mo gba ẹlẹ́rìí yìí gbọ́, n kò gba tọ̀hún gbọ́,” ó ṣòro fún wọn láti ta á nù, àfi bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá fi hàn gbangba pé ó ṣìnà. Báyìí ni agbára ńlá ṣe wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin mìíràn tún wà tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà. Kì í ṣe ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni yóò fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Ìjọba tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ni yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi, débi pé iyèméjì tí ó ní ìdí kò ní sí mọ́. Bí iyèméjì bá kù, ẹlẹ́jọ́ ni ó ni ín. Adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó gbọ́ lójú pópó kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ìfura tirẹ̀ dí àlàfo tí àwọn ẹlẹ́rìí fi sílẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Iléṣà ni a bí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1925. Ilé-ìwé Holy Trinity ní Ọmọ́fẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ó lọ sí Ilesha Grammar School, ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní 1934. Láti ibẹ̀ ó rékọjá òkun lọ sí Trinity College ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní 1953. Lẹ́yìn tí ó ti di lọ́yà, ó padà sílé, ó sì ṣiṣẹ́ òfin fún ọdún díẹ̀. Ní 1965 ni a yàn án sí ipò adájọ́ ní Kóòtù Gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ọdún náà burú gan-an fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí àga ìdájọ́ ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ẹjọ́ tí Ó Ṣáájú: Èkó, 1963

Kí a tó sọ ti 1965, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ kan tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí gbogbo adájọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ní in lọ́kàn. Ní oṣù Mèé 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, láàárín àwọn tí ó wà lẹ́yìn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Ìjọba Àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì lórí gbogbo ẹkùn náà. Kí ọdún náà tó parí, a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kan Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kan.

Kóòtù Gíga ti Èkó ni a gbé e lọ. Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, kò sì sí lábẹ́ ẹkùn kankan. Nítorí náà adájọ́ ibẹ̀ jẹ́ adájọ́ Ìjọba Àpapọ̀ gan-an. Adájọ́ George Ṣódẹ̀índé Ṣówẹ̀mímọ́ ni ó nìkan gbọ́ ẹjọ́ náà láti oṣù Nòfẹ́ńbà 1962. Ní ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1963, ó dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò gbàgbé títí di òní, pé bí ó bá ṣe pé Awólọ́wọ̀ nìkan ni ó wà níwájú òun, òun ì bá rò pé ìyà tí ó ti jẹ tó. Ṣùgbọ́n a ti di òun lọ́wọ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí láti ìgbà náà. Àwọn kan sọ pé àwọn alágbára ni ó di í lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sọ pé òfin ni ó ń tọ́ka sí, nítorí adájọ́ tí ó bá ti rí ẹni kan ní ẹlẹ́bi kò lè fi àánú nìkan gbé òfin tì sí apá kan. Àwa kò ní dá ìjà yìí. Ohun tí a fẹ́ kí a rí ni èyí: gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé lẹ́yìn gbogbo àga ìdájọ́ ni okùn kan wà tí a kò rí. Sówẹ̀mímọ́ di adájọ́ Kóòtù Gíga Jùlọ lẹ́yìn èyí, ó sì jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà láti 1983 sí 1985. Ní ti Awólọ́wọ̀, ó jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1966, nígbà tí ìjọba ológun tuntun dá a sílẹ̀.

Ìbàdàn, 1965: Ẹjọ́ Oníbọn Inú Rédíò

Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ́kítóbà 1965 ni a dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ìhà méjèèjì ni ó ní àwọn borí. Olóyè Akíntọ́lá, tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba, ní ẹgbẹ́ òun ni ó wọlé. Àwọn alátakò rẹ̀ ní èrú ni a ṣe. Ilẹ̀ bá gbóná. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ burúkú nì, “wẹ́ẹ̀tì ẹ,” wọ ẹnu àwọn ọmọdé: a ó da bẹntiróòlù sí ilé ọ̀tá ẹni tàbí sí ọkọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn sí ara òun tìkára rẹ̀, a ó sì ṣáná sí i.

Nínú oṣù náà ni a ti fi ohùn Olórí Ìjọba pamọ́ sínú téèpù, kí a lè gbé e jáde fún gbogbo ẹkùn lórí rédíò WNBS ní Ìbàdàn. Bí àkókò ti tó, ọkùnrin kan tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ wọ inú iyàrá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí wọ́n yọ téèpù Olórí Ìjọba kúrò, kí wọ́n sì fi èyí tí òun mú wá sí i. Kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ohùn mìíràn ti jáde sí etí ìlú, tí ó ń sọ fún Akíntọ́lá pé kí ó fi ipò sílẹ̀, kí ó sì máa lọ. A tètè pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ti gbọ́. Ọkùnrin náà sì ti lọ.

Àwọn ọlọ́pàá kéde pé Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ni àwọn ń wá. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án níkẹyìn kò sọ̀rọ̀ ìbò, kò sì sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Olè jíjà ni, pé ó fi ìbọn gba téèpù ilé-iṣẹ́ náà. Ẹjọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, tí kò tíì lo ọdún kan lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí a wo ipò tí adájọ́ yìí wà. Ìjọba tí a dójú tì níwájú gbogbo ènìyàn ni ó mú ẹjọ́ wá, ìjọba ẹkùn náà ni ó sì ni kóòtù tí ó jókòó sí. Bí ó bá dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ìdajì ìlú yóò sọ pé a ti di òun náà lọ́wọ́. Bí ó bá dá a sílẹ̀, ìdajì yòókù yóò sọ pé ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú ni. Bí iná ti ń jó ilé kiri ní ìgboro, kò sí ìdájọ́ tí ó lè ṣe tí kò ní bí ẹnìkan nínú.

Ọ̀nà tí ó gbà yọ ni ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, kò sì wá òmíràn. Ó gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ohun tí ẹnìkan sọ wé ohun tí ẹnìkejì sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí ó ṣe pàtàkì jùlọ: ta ni ọkùnrin tí ó mú ìbọn náà, báwo ni ó rí, báwo ni ẹlẹ́rìí sì ṣe dá a mọ̀? Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rìí ti tako ara wọn. Adájọ́ kò lè mú èyí tí ó wù ú nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ó tako ara wọn, tí ìjọba kan náà sì mú méjèèjì wá, kí ó fi rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1965 ó dájọ́ pé ìjọba kò fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, ó sì dá Ṣóyínká sílẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì 1966, tí a sì pa Olóyè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní oṣù Júláì ọdún kan náà ni ti Ironsi àti Fájuyì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwó. A kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìbéèrè níwájú adájọ́, a kò sì pe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni tí ó bá rò pé ìlànà kóòtù gùn jù, tí ó sì ń fa sẹ́yìn, kí ó fi ìdájọ́ oṣù Dìsẹ́ńbà wé ìdájọ́ ìbọn tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí Ó Hàn Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Adájọ́ Ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ kọ ìwé lórí ẹjọ́ náà ní 1996, ó sì pè é ní The Mystery Gunman. Ní ìgbà náà, ẹ̀bùn Nobel ti tẹ Ṣóyínká lọ́wọ́ láti 1986. Lẹ́yìn náà, nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, Ṣóyínká tìkára rẹ̀ ròyìn bí òun ṣe wọ ilé rédíò náà lọ ní 1965.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ èyí ni ó bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ní, “Ó mà ṣe o, a tan adájọ́ jẹ!” Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ibí sì ni kókó ohun tí a fẹ́ sọ wà. A kò bi adájọ́ pé, “Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí ṣe é?” Ìbéèrè yẹn, Ọlọ́run àti ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n lè dáhùn rẹ̀. Ohun tí a bi í ni pé, “Ǹjẹ́ àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ti fi hàn pé ó ṣe é?” Ìdáhùn sí èyí ní 1965 ni bẹ́ẹ̀ kọ́, bí Ṣóyínká tilẹ̀ sọ ohun mìíràn ní 2006, ìdáhùn náà ṣì ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rí tí kò tó kò lè di ẹ̀rí tí ó tó nítorí ohun tí a mọ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Bí a bá gbà kí adájọ́ fi ìfura dá ènìyàn lẹ́bi nítorí pé ìfura náà lè jẹ́ òtítọ́, àwa tí ọwọ́ wa mọ́ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọlọ́pàá kò ní wádìí mọ́. Ẹlẹ́rìí kò ní ṣọ́ ẹnu. Ọ̀tá ẹni yóò kàn máa fi ẹ̀sùn kan ẹni. Ògiri tí ó dá oníbọn kan sí ní 1965 ni ògiri kan náà tí ń dá ìyálọ́jà sí nígbà tí a bá purọ́ mọ́ ọn, tí ó sì ń dá awakọ̀ tí a mú ní oríta sí nítorí pé ó jọ ẹni tí a ń wá.

Ní Kóòtù Ìjọba Àpapọ̀

A kò ní pẹ́ lórí ìyókù iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀. Nígbà tí a dá Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1976, Ẹ̀ṣọ́ di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rẹ̀. Ní 1978 ó gòkè lọ sí Kóòtù Gíga Jùlọ. Ìwà tí a rí lára rẹ̀ ní Ìbàdàn kò yí padà níbẹ̀.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1979 a dìbò fún Ààrẹ. Òfin ní ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jùlọ, kí ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn Ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ni ó wà. Alhaji Shehu Shagari ní ìdá náà nínú Ìpínlẹ̀ méjìlá, ṣùgbọ́n kò ní in nínú ẹ̀kẹtàlá. Àjọ tí ń ṣètò ìbò ní ó ti wọlé. Awólọ́wọ̀ gbé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, adájọ́ mẹ́fà nínú méje, pẹ̀lú Adájọ́ Àgbà Àtàńdá Fátáyì-Williams ní iwájú wọn, dá ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó dúró ní ìhà kejì. Lójú tirẹ̀, a kò lè gé Ìpínlẹ̀ bí ẹni gé iṣu. Bí méjìlá kò bá tó, ẹ̀kẹtàlá ni ó kàn. Ìdájọ́ rẹ̀ kò yí ohunkóhun padà ní ọjọ́ náà, nítorí a búra fún Shagari ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ́kítóbà. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé títí láé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń kà á títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde kúrò ní ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà ní kóòtù. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Wọn kò ṣe é. Wọ́n tún wá sí Kóòtù Gíga Jùlọ láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ka ìdájọ́ tí ó ṣáájú: ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún àṣẹ kóòtù kò gbọdọ̀ wá tọrọ ojú rere lọ́wọ́ kóòtù, ìbáà ṣe gómìnà tí ó ní ọmọ-ogun lẹ́yìn. Ọkùnrin tí ó nìkan jókòó ní 1965 ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò yìí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó fẹ̀yìntì ní 1990, nígbà tí ó pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Lẹ́yìn náà ni a fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ìwà àwọn adájọ́ ara wọn, iṣẹ́ tí kì í mú kí ènìyàn ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ó jáde láyé ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Nòfẹ́ńbà 2012, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Adájọ́ Àpapọ̀ Lónìí

Ó ṣẹ́kù kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ìsinsìnyí. Ní 1973 ni ìjọba ológun dá kóòtù kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn owó tí ń wọlé fún Ìjọba Àpapọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ ti 1979 sì sọ ọ́ di Kóòtù Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Lábẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ ti 1999, níwájú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí Ìjọba Àpapọ̀, ti aṣọ́bodè, ti ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ti ọkọ̀ ojú omi, àti ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba pẹ̀lú, irú èyí tí Ṣówẹ̀mímọ́ gbọ́ ní Èkó. Ẹni tí yóò ṣe adájọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ lọ́yà fún ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ọ̀ràn àwọn adájọ́ ni ó ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, Ààrẹ ni ó sì ń yàn án. Láti 2023, títí di àádọ́rin ọdún ni ó lè wà lórí àga. A kò sì lè yọ ọ́ nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ kò dùn mọ́ alágbára nínú. A ṣe gbogbo odi wọ̀nyí yí i ká nítorí pé òun nìkan ni ó ń jókòó, ẹni tí ó bá sì nìkan jókòó ni a lè tètè dẹ́rù bà.

Ṣùgbọ́n odi kò lè fún adájọ́ ní ẹ̀rí. Ohun tí a bá gbé wá síwájú rẹ̀ ni yóò wọ̀n. Bí ọlọ́pàá bá wádìí pẹ̀lú ìwàǹwára, bí ẹlẹ́rìí bá sọ ohun tí a kọ́ ọ dípò ohun tí ó rí, bí aládùúgbò bá sá fún kóòtù nítorí pé kò fẹ́ ìyọnu, adájọ́ tí ó dára jùlọ kò lè ṣe ju pé kí ó wí pé, “A kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.” Nígbà náà kì í ṣe òun ni kí a bínú sí. Àwọn baba wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà; owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ìdájọ́ òdodo láti ọwọ́ ọkùnrin kan tàbí obìnrin kan tí ó nìkan jókòó, kí òun náà múra láti dúró níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá pè é, kí ó sì sọ ohun tí ó rí, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀.